Omi Inú Elégédé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá kan ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú òtútù. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin èwe tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tó ránṣẹ́ pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun dídùn tí a lè fi elégédé yan nínú ilé, láti ìgbà ìwọ́wé yìí títí wọ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ (Thanksgiving) àti Kérésìmesì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yan án níbí, fún ilé tèmi, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún aládùúgbò tó bímọ àti èyí tó ṣòfò. Nítorí náà mi ò gbé ìwé wá. Elégédé mẹ́ta ni mo gbé wá. Wọ́n wà lórí tábìlì níwájú yín, ọ̀bẹ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Kí n tó gé ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde nílé. Omi ni elégédé. Bí ẹ bá pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, omi kó mẹ́sàn-án. Gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe lórí páì elégédé, lórí bùrẹ́dì rẹ̀, lórí bísíkíìtì rẹ̀, iṣẹ́ omi ni: ká mọ ìgbà tí a ń lé e jáde, ká mọ ìgbà tí a ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí, páì rẹ̀ á dúró lórí àwo. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó da ṣúgà odidi àpò kan sí i, omi aládùn ló sè.

Orúkọ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, torí ó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú. Nílé ní Nàìjíríà, bí èèyàn bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe ewé elégédé lọ́jà, ugwu ni wọ́n máa wọ̀n fún un. Ẹbí kan náà ni ugwu àti elégédé, ẹbí yẹn náà sì ni ẹ̀gúsí, bàrà, kùkúmbà, títí kan akèrègbè tí a fi ń bu omi. Ṣùgbọ́n èso ugwu kò ṣeé yan, kóró inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ewé tó jẹ́ ti elégédé gan-an ni gbọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti já ọ̀mùnú gbọ̀rọ̀ rí, tó bó okùn ara rẹ̀ kúrò kó tó rẹ́ ẹ sínú ọbẹ̀, ẹ ti mọ elégédé tipẹ́. Ẹ kàn lè má tíì bá èso rẹ̀ pàdé nínú páì ni.

Ó dáa. Àkọ́kọ́ rèé, èyí tó tóbi bí orí ìlù yìí, tó pupa bí ọsàn. Òun ni ẹ ń rí níwájú gbogbo ilé lásìkò yìí, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ya ojú àti eyín sí lára, tí wọ́n sì ń tan àbẹ́là sínú rẹ̀, nítorí Halloween, àjọ̀dún ìparí oṣù Ọ̀wàrà.

(Mo gé e.)

Ẹ wò ó. Inú rẹ̀ ṣófo. Ara rẹ̀ funfun díẹ̀, kò pọ́n bí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe pọ́n. Ẹ wo okùn yìí bó ṣe ń fà, ẹ sì wo omi tó ń sun lára ọ̀bẹ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin èyí, ìrísí rẹ̀ ni wọ́n ń wá: kó tóbi, kó lè jókòó, kó ṣófo nínú kí àbẹ́là ráàyè. Adùn kò sí nínú ohun tí wọ́n ń wá. Kì í pani lára, bí ẹ bá fẹ́ ẹ fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ fún páì. Èyí tí wọ́n bá sì ti gé ojú sí lára, tó ti sun ìta fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ jọ̀wọ́, ààtàn ni ilé rẹ̀, ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná.

Ẹ̀kọ́ yìí, ojú mi ni mo fi rí i. Ìwọ́wé kejì tí mo lò ní Amẹ́ríkà, Halloween ti kọjá, ilé ìtajà kan gbé àwọn elégédé ńlá tó ṣẹ́kù síta ní owó tí kò tó nǹkan. Inú mi dùn. Mo rà á mẹ́ta. Mo bó o, mo gé e wẹ́wẹ́, mo da omi lé e lórí, mo sè é bí ìyá mi ṣe ń sè é. Mo gún un, mo po ẹyin àti mílíìkì mọ́ ọn, mo dà á sínú èèpo páì, ìyẹn fúláwà pípò tí a tẹ́ sínú abọ́, mo gbé e sínú ààrò. Wákàtí kan kọjá, kò dì. Wákàtí kejì, etí rẹ̀ ń jóná, àárín rẹ̀ ń mì bí omi inú garawa. Àlejò ti wọlé. Nígbà tí mo gé e, ó ṣàn yí àwo ká bí ẹ̀kọ mímu tí kò gba ògì tó, èèpo ìsàlẹ̀ sì ti rin gbingbin. Mo wọ yàrá, mo sunkún, torí ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé òdìkejì títì, ọmọ Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ló tẹ̀lé mi wọlé. Páì ọ̀dùnkún ni òun gbé wá ní tirẹ̀. Ó ti fi ṣíbí tọ́ tèmi wò. Ìbéèrè kan péré ló bi mí: ṣé mo fi omi sè é ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ohun tó ti kún fún omi, mo tún lọ fi omi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí sí ilé ìdáná rẹ̀, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń yan án nínú ààrò hàn mí. Ohun tí mo ń sọ lónìí, ìdá púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ ìyá yẹn ni mo ti gbà á. Ó ti lọ sílé, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Pé páì ọ̀dùnkún ló gbé wá, kì í ṣe ti elégédé, ìtàn wà nídìí ẹ̀. Ìhà Àríwá Amẹ́ríkà ni páì elégédé ti fìdí múlẹ̀. Ìwé ìdáná kan tí Amelia Simmons tẹ̀ jáde ní Hartford ní 1796 ti kọ bí wọ́n ṣe ń po elégédé mọ́ ẹyin, mílíìkì àti èròjà olóòórùn, tí wọ́n ń yan án nínú èèpo. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Josepha Hale fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ lẹ́tà sí ààrẹ kan tẹ̀ lé òmíràn, pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ kan náà. Abraham Lincoln ló gbọ́ tirẹ̀ ní 1863, láàárín ogun abẹ́lé. Ìgbà tó di 1941 ni ilé aṣòfin fi í sí Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù November. Lydia Maria Child tó fi kálàmù bá ìmúnisìn ẹrú jà, òun náà ló kọ ewì ọmọdé kan nípa Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tó parí sórí ìyìn páì elégédé. Ẹ rí i pé àwọn tó ń polongo ọjọ́ yìí àti àwọn tó kórìíra oko ẹrú, agboolé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Gúúsù, àwọn aláwọ̀ funfun kan ka ọjọ́ náà sí àṣà àwọn ará Àríwá, wọn kò tètè gbà á. Àwọn baba ńlá ìyá àgbà yẹn, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ wa, ọ̀dùnkún ló wà nílẹ̀ fún wọn ní Gúúsù, ó sì jọ iṣu tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Òun ni wọ́n sọ di páì. Títí dòní, bí ẹ bá bá àwọn aládùúgbò wa Adúláwọ̀ jẹun lọ́jọ́ náà, páì ọ̀dùnkún ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ má gbé ti elégédé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé òun ló ga jù.

Elégédé fúnra rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ lọ́jọ́ orí. Nínú ihò àpáta Guilá Naquitz, ní Oaxaca, nílẹ̀ Mẹ́síkò, wọ́n rí kóró irú ẹ̀yà rẹ̀ kan tí èèyàn ti ń gbìn láti nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń gbìn ín pa pọ̀ mọ́ àgbàdo àti ẹ̀wà: àgbàdo á dúró bí òpó, ẹ̀wà á gun orí rẹ̀, ewé elégédé á bo ilẹ̀ kí koríko má baà yọ. Ibí ni àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ata ti gba orí òkun dé ọ̀dọ̀ wa, elégédé sì wà lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ yín bá ní oúnjẹ òyìnbó ni èyí, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe òyìnbó ló ni ín, pé ìyá ìyá rẹ̀ náà sì ní i lóko.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì. Kékeré róbótó yìí ni wọ́n ń pè ní elégédé ṣúgà tàbí elégédé páì. Kì í ju ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́ta sí márùn-ún lọ.

(Mo gé e.)

Ẹ wo ìyàtọ̀. Ara rẹ̀ ki, ó pọ́n, okùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé e wò lọ́wọ́: kó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, kí igi orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó gbẹ, kí èékánná má lè wọ ara èèpo rẹ̀. Èyí tí igi orí rẹ̀ ti já, ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ̀kẹta, èyí tó gùn tó sì ní àwọ̀ bí awọ ewúrẹ́ yìí, ẹ̀yin ará Yorùbá, òun ni ìyàlẹ́nu. Ẹ̀yà rẹ̀ ló wà nínú elégédé inú agolo tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà. Gbogbo èèyàn rò pé èyí tó pupa bí ọsàn ni wọ́n ń rọ sí agolo, nítorí òun ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Irúgbìn tí wọ́n ń pè ní Dickinson ni wọ́n ń lò, àwọ̀ ara ìta rẹ̀ jọ ti èyí. Ìpínlẹ̀ Illinois ni wọ́n ti ń gbìn ín jù, ìlú kékeré kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Morton ni ilé iṣẹ́ Libby's tó ń rọ ọ́ wà. Ní 2009, òjò rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà ìkórè, ọkọ̀ kò ráàyè wọ oko, elégédé jẹrà sílẹ̀, agolo sì wọ́n jákèjádò Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ wá béèrè bí mo ṣe ń ṣe tèmi.

Mi ò bá agolo jà. Wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó ki, kì í já èèyàn kulẹ̀. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ tí Ọjọ́ Ìdúpẹ́ sì ku ọ̀la, kó já agolo, kó sùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn yìí ti ọwọ́ bọ inú elégédé rí, kó fa kóró rẹ̀ jáde, kó mọ bó ṣe ń yọ̀. Bí ẹ bá sì ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ gbin kóró rẹ̀ ní ìparí May: ẹ máa já gbọ̀rọ̀ nínú oṣù July, ẹ máa ká èso ní September. Agolo ò lè fún yín ní gbọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo là á sí méjì, mo fi ṣíbí ha inú rẹ̀ mọ́, mo dojú rẹ̀ dé orí tíréè. Ààrò ti gbóná dé 400°F. Ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, títí ọ̀bẹ á fi wọlé láìjanpata. Omi ló ń fò lọ nínú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ṣúgà ara rẹ̀ náà ń ki sí i, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ láti pálọ̀. Nígbà tó bá tutù, èèpo rẹ̀ á ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Mo lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà kó kúnná.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń dúró, ibí ni wọ́n sì ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ mú aṣọ tí ẹ fi ń sẹ́ ògì. Bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an, kó ti mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú asẹ́, ẹ da elégédé tí ẹ lọ̀ sí i, ẹ gbé e lé orí abọ́, ẹ kó o sínú fíríìjì di òwúrọ̀. Bí ẹ bá máa jí, ẹ máa rí omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú abọ́ yẹn. Ìgbà mìíràn mo máa ń rí tó kọ́ọ̀pù kan. Omi yẹn ló sọ páì mi di ẹ̀kọ lọ́jọ́ ìjọ́sí. Ẹ má dà á nù, ó dára nínú ọbẹ̀ tàbí nínú bùrẹ́dì. Ẹni tí kò bá lè dúró di òwúrọ̀, kó dà á sínú ìkòkò tó fẹjú, kó máa fi orógùn rò ó lórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tó bá ń kúrò lára ìkòkò, tí ojú ọ̀nà orógùn kò tètè dí padà, ó ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbà tí ọkà ń jinná, ojú yín á mọ̀ ọ́n láìsí aago.

Èèpo páì ńkọ́? Ọwọ́ mítípáì wà lára wa, ó dáa, ṣùgbọ́n a máa ń po fúláwà mítípáì jù. Fún páì kan: fúláwà kọ́ọ̀pù kan àti ìdá mẹ́rin kọ́ọ̀pù, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, bọ́tà ṣíbí ńlá mẹ́jọ, omi yìnyín ṣíbí ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin. Bọ́tà yẹn gbọ́dọ̀ tutù bí òkúta. Ẹ fi orí ìka rún un sínú fúláwà títí á fi kù wóróworo bí ẹ̀wà, ẹ má jẹ́ kó yọ́. Nítorí kí ni? Omi ló tún dé. Omi díẹ̀ wà nínú bọ́tà. Bí wóró bọ́tà kọ̀ọ̀kan bá dé inú ààrò gbígbóná, omi rẹ̀ á di ooru, á sì ti fúláwà sókè. Ibẹ̀ ni èèpo ti ń là ní ìpele-ìpele. Bí bọ́tà bá ti yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ yín, kò sí ohun tó máa tì í, bísíkíìtì líle ni ẹ máa jẹ. Ẹ kó o jọ, ẹ dì í, ẹ jẹ́ kó sinmi nínú fíríìjì fún wákàtí kan kí ẹ tó yí i.

Nígbà tí ẹ bá ti tẹ́ ẹ sínú abọ́ páì, ẹ tẹ́ bébà ìyanhun lé e, ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ tí a kò tíì sè sórí bébà náà kó wúwo, ẹ yan án ṣófo bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 ní 400°F. Ẹ̀wà yẹn ni kò ní jẹ́ kó wú. Ẹ tọ́jú ẹ̀wà náà sínú ìgò, ọdún mẹ́wàá ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ní ṣeé sè mọ́. Yíyan rẹ̀ ṣáájú ni kì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rin.

Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ kò le. Elégédé tí a ti sẹ́, kọ́ọ̀pù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, iye tó wà nínú agolo kan nìyẹn. Ẹyin méjì. Ṣúgà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Sínámónì ṣíbí kékeré kan, atalẹ̀ ìdajì, kànáfùrù tí a lọ̀ ìdá mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, mílíìkì inú agolo kan, èyí tó jẹ́ áúnsì 12. Ẹ kíyè sí mílíìkì yìí: ilé iṣẹ́ ti gbé e lé iná, wọ́n ti fa omi bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ìdí nìyẹn tó fi bá elégédé mu ju mílíìkì tútù lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í gba mílíìkì, a sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa, kó lo omi àgbọn tó ki, ìyẹn èyí tí a fún lára àgbọn rírin, kì í ṣe èyí tí a ń mu. Àwọn ará Bràsíìlì ti pẹ́ tí wọ́n ń se elégédé mọ́ àgbọn pẹ̀lú ṣúgà, ó sì bá ara mu gan-an.

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ní 425°F, lẹ́yìn náà ẹ dín in kù sí 350°F fún bí ìṣẹ́jú 40 sí 50. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn tán aago jù. Ẹ mi abọ́ náà díẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti dúró, tí àárín rẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹnu ife ṣì ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, ẹ gbé e sọ̀. Ooru inú rẹ̀ á parí iṣẹ́ náà níta. Ẹyin ló ń di omi elégédé mú bí àwọ̀n. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọ̀n náà á súnkì, á fún omi tó dì mú jáde. Ẹ máa rí i tí páì sán ní àárín, tí omi wẹ́wẹ́ ń sun lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí méjì kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Mo mọ̀ pé ó ṣòro.

Lórí èròjà olóòórùn, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan. Ilé iṣẹ́ McCormick tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Baltimore tiwa níbí ní 1889, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta àpòpọ̀ èròjà páì elégédé nínú ìgò kan ní 1934. Láti 2003 tí Starbucks, ilé iṣẹ́ tó ń ta kọfí, ti gbé kọfí tí wọ́n fi irú èròjà yẹn sí jáde, gbogbo nǹkan ló ti di «elégédé», títí kan ọṣẹ. Oòrùn tí ẹ ń gbọ́ nínú wọn, ti sínámónì àti kànáfùrù ni, kì í ṣe ti elégédé. Elégédé fúnra rẹ̀ ní oòrùn tirẹ̀, ó jẹ́jẹ́, ó súnmọ́ ti àgbàdo tútù àti iṣu sísun. Bí ẹ bá da èròjà jù, ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀. Kànáfùrù pàápàá, ẹ ṣọ́ra fún un, ó lè sọ ẹnu di kíkú. Atalẹ̀ tútù tí a rin sàn ju ti inú ìgò lọ lójú tèmi.

Bùrẹ́dì elégédé rọrùn débi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè dá a ṣe. Níbí, omi di ọ̀rẹ́: ẹ lo elégédé tí ẹ kò tíì sẹ́. Fúláwà kọ́ọ̀pù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bákíìn sódà ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ àti èròjà díẹ̀. Nínú abọ́ kejì, elégédé kọ́ọ̀pù kan, ẹyin méjì, ṣúgà kọ́ọ̀pù kan, òróró ìdajì kọ́ọ̀pù. Ẹ dà wọ́n pọ̀, ẹ rò ó títí fúláwà funfun ò fi hàn mọ́, kí ẹ dáwọ́ dúró. Wákàtí kan ní 350°F. Òróró ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo bọ́tà: bọ́tà máa ń dì tó bá tutù, òróró kì í dì, ìdí nìyẹn tí bùrẹ́dì náà fi ń dùn sí i ní ọjọ́ kejì.

Bísíkíìtì ló le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí omi rẹ̀ ń sọ ọ́ di kéèkì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ ẹ nínú aṣọ, ẹ tún fi bébà ìnuwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí á fi gbẹ bí ẹ̀bà, kí ẹ sì lo pupa ẹyin nìkan, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú funfun rẹ̀.

Ẹ má da kóró nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ pa á, ẹ yan án ní 325°F fún bí ìdajì wákàtí. Ìyá ìyá mi nínú agbada ló ti ń yan tirẹ̀.

Ìpamọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ó lè gba ẹ̀mí. Páì elégédé ní ẹyin àti mílíìkì nínú, kì í ṣe ohun tí a ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì láti ọ̀sán di alẹ́ nígbà tí àríyá ń lọ. Bí ó bá ti tutù, kó tó pé wákàtí méjì níta, ẹ gbé e wọ fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Èkejì: mo mọ̀ pé àwa tí a ń rọ ata àti tòmátì sínú ìgò nílé, ó lè wù wá ká rọ elégédé lílọ̀ náà. Ẹ má ṣe é. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kìlọ̀ gidigidi nípa èyí. Elégédé lílọ̀ ki jù, ooru kì í dé àárín ìgò rẹ̀ bákan náà, kò sì kan bíi tòmátì. Kòkòrò tó ń fa májèlé botulism lè yè nínú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í yí oòrùn tàbí adùn padà kó tó pa èèyàn. Fírísà ni kẹ́ ẹ lò. Mo máa ń wọn kọ́ọ̀pù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, mo máa ń tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo máa ń kọ ọjọ́ sí i lára. Tó bá yọ́, ẹ tún sẹ́ ẹ, torí á tún mú omi jáde.

Ohun kan kù tó jẹ mọ́ àlejò. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó wá láti Kúbà. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo gbé páì síwájú rẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà: lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin òrìṣà níbẹ̀, Ọ̀ṣun ló ni elégédé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ọ̀ṣun kì í sì í jẹ ẹ́. Nígbà tó pe orúkọ èso náà ní èdè Lukumí tí wọ́n fi ń kọrin sí òrìṣà, mo dìde lórí àga. Elégédé ni ó pè é, bí mo ṣe ń pè é gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń béèrè kí n tó gé e fún ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń yan páì ọ̀dùnkún kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Páì méjì ló wà lábẹ́ bébà fàdákà yìí. Àná ni mo yan wọ́n, nínú ààrò kan náà, pẹ̀lú ṣúgà àti èròjà kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti agolo, ọ̀kan jẹ́ ti elégédé kékeré bí èyí tí mo gé lẹ́ẹ̀kejì, tí mo yan tí mo sì sẹ́ mọ́jú. Mi ò ní sọ èwo ni èwo. Ẹ̀yin èwe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jáde wá, ẹ mú àwo dání.